Ṣé torí pé ara igi ni kímò ti wá, ká kúkú máa sè é mu?

Ìbéèrè tó délẹ̀ rèé, mo kàn gé e kúrú díẹ̀ ni:

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ní jẹjẹrẹ ọyàn, wọ́n ti wà lórí kímò báyìí, ìyẹn oògùn tí wọ́n fi ń bá jẹjẹrẹ jà, paclitaxel ni dókítà kọ sínú fáìlì wọn. Ẹnì kan nínú ẹbí wa wá ń yọ wọ́n lẹ́nu pé kẹ́míkà ni gbogbo nǹkan tí wọ́n ń fà sí wọn lára yẹn, pé májèlé ni, kí wọ́n fi í sílẹ̀ kí wọ́n máa lo ewé, torí ewé ò ní kẹ́míkà. Èmi wá lọ kà á pé paclitaxel yẹn gan-an, èèpo igi ni wọ́n ti rí i. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí a ò lè wá igi yẹn ká sè é kí wọ́n máa mu ún? Àti èmi náà o, ìyá tó bí ìyá wa, jẹjẹrẹ ọyàn ló pa wọ́n, ẹ̀rù ń bà mí. Ṣé nǹkan kan wà tí mo lè máa lò tí ò ní jẹ́ kó kàn mí, bí ata ilẹ̀ pupa tàbí fítámì?"

Ẹ kú ìtọ́jú ẹ̀gbọ́n o, Ọlọ́run á fún wọn lálàáfíà. Kí n tètè sọ ọ́ pé èmi kì í ṣe dókítà tó ń tọ́jú aláìsàn, iṣẹ́ tèmi ni kí n máa yọ èròjà jáde lára ewé, egbò àti èèpo igi, kí n máa wò ó bóyá èyíkéyìí nínú ẹ̀ lè bá sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ jà. Ó ti pẹ́ tí mo ti wà lẹ́nu ẹ̀, ẹ ò lè rí ẹni tó máa gbè sẹ́yìn ewé jù mí lọ, torí náà tí mo bá sọ̀rọ̀ tó le nísàlẹ̀ yìí ẹ má rò pé mo kórìíra ewé.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi "ewé ò ní kẹ́míkà" yẹn bẹ̀rẹ̀ torí òun ló ba gbogbo ọ̀rọ̀ jẹ́. Ewé ò ní nǹkan míì nínú ju kẹ́míkà lọ. Igi ò lẹ́sẹ̀ tó máa fi sá fún kòkòrò, kò lọ́wọ́ tó máa fi lé ẹran tó fẹ́ jẹ ẹ́, nǹkan tó fi ń gba ara ẹ̀ sílẹ̀ ni oró tó ń pò sínú ewé àti èèpo àti egbò ẹ̀, ewé kan ṣoṣo tí mo bá gún tí mo sì fi ẹ̀rọ yẹ̀ wò lè ní èròjà tó lé ní ọgọ́rùn-ún, èyí tó korò, èyí tó ń ta, èyí tí ò ṣe nǹkan kan rárá. Nígbà tí àwa bá sì ń wá oògùn jẹjẹrẹ lára ewé, oró yẹn gan-an là ń wá o. Torí náà ẹni tó sọ pé májèlé ni kímò ò parọ́, mi ò ní bá a jiyàn. Májèlé ni. Ó kàn jẹ́ májèlé tí wọ́n ti yọ lọ́tọ̀, tí wọ́n mọ orúkọ ẹ̀, tí wọ́n mọ ìwọ̀n ẹ̀, tí wọ́n sì mọ ibi tó ti máa ṣe rere àti ibi tó ti máa ṣe ìkà. Omi ewé tí wọ́n ní kí ẹ̀gbọ́n yín máa mu náà lè ní májèlé nínú, ìyàtọ̀ ẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó mọ ìwọ̀n tiẹ̀.

Ó wá kan paclitaxel fúnra ẹ̀. Lọ́dún 1962, ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Arthur Barclay, onímọ̀ ewéko tó ń bá iléeṣẹ́ ètò ọ̀gbìn Amẹ́ríkà ṣiṣẹ́, lọ bó èèpo igi kan nínú igbó ní ìpínlẹ̀ Washington. Yew ni wọ́n ń pe igi náà, igi kékeré tí kì í tètè dàgbà, àwọn agégẹdú ò tiẹ̀ kà á sí, tí wọ́n bá ti gé àwọn igi ńlá tán wọ́n á dáná sun ún ni. Ìjọba Amẹ́ríkà ń kó ewéko kiri nígbà yẹn láti dán wọn wò lórí jẹjẹrẹ, láàárín 1960 sí 1982 wọ́n dán omi ewé, egbò àti èèpo tó lé ní 100,000 wò, èyí tó sì di oògùn gidi nínú gbogbo wọn, ìka ọwọ́ kan tó o láti kà á. Monroe Wall àti Mansukh Wani ní North Carolina ló yọ èròjà tó ń ṣiṣẹ́ nínú èèpo yẹn jáde, ó sì di 1971 kí wọ́n tó lè sọ bí èròjà náà ṣe rí. Nígbà tó fi máa di 1979, Susan Horwitz rí ohun tó ń ṣe fún sẹ́ẹ̀lì, ibí ló sì ti dùn.

Nínú sẹ́ẹ̀lì, àwọn ọ̀pá tín-ín-rín kan wà tí sẹ́ẹ̀lì máa ń tò jọ tó bá fẹ́ pín sí méjì, tó sì máa ń tú palẹ̀ tó bá ti ṣe tán. Àwọn oògùn tí wọ́n mọ̀ tẹ́lẹ̀ máa ń dí ọ̀pá yẹn lọ́wọ́ kó má lè tò jọ ni. Ti paclitaxel yàtọ̀, ńṣe ló ń lẹ̀ wọ́n pọ̀ tí wọn ò fi ní lè tú mọ́. Ẹ wo ẹni tó pa àgọ́, tó wá fẹ́ kó lọ, tí òpó kankan ò ṣeé fà tu mọ́. Sẹ́ẹ̀lì á bẹ̀rẹ̀ sí í pín, kò ní lè parí ẹ̀, ibẹ̀ ló máa kú sí. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ọ̀pá yìí sọ́kàn o, mo máa padà sí i torí ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n yín.

Ó dáa, kí ló wá dé tí a ò lè sè é? Èkíní, èròjà yẹn kéré jọjọ nínú èèpo. Ìṣirò tí àwọn èèyàn máa ń lò ni pé bí 10,000 kílò èèpo gbígbẹ ló ń mú kílò kan paclitaxel jáde, dírìpù kan ṣoṣo fún àgbàlagbà lè gba bí 300 mílígíráàmù, ìyẹn túmọ̀ sí pé kílò mẹ́ta èèpo gbígbẹ lódindi fún ọjọ́ kan, tó bá tiẹ̀ jẹ́ pé gbogbo ẹ̀ ló jáde. Kò sì ní jáde, torí paclitaxel ò fẹ́ràn omi rárá, ẹ sè é títí ilẹ̀ á fi ṣú, inú èèpo ló máa wà. Ká tún ní ó jáde sínú omi ńkọ́, tí ẹ̀gbọ́n yín bá gbé e mì, àwọn ẹ̀ṣọ́ kan wà lára ìfun tí iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa ti irú nǹkan bẹ́ẹ̀ padà síta, ìwọ̀nba tó bá sì yọ́ wọlé, ẹ̀dọ̀ á gé e sí wẹ́wẹ́ kó tó dé ibi tí jẹjẹrẹ wà. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé inú iṣan ni wọ́n ń fà á sí. Kódà láti mú kó yòrò nínú dírìpù, wàhálà ni, nǹkan kan tí wọ́n ṣe láti ara òróró igi lárà ni wọ́n fi ń pò ó mọ́ ọtí, ara àwọn míì máa ń kọ òróró yẹn gan-an, ìdí nìyẹn tí nọ́ọ̀sì fi máa ń kọ́kọ́ fún wọn ní àwọn oògùn míì kó tó so dírìpù náà, tó sì máa ń jókòó tì wọ́n fún ìṣẹ́jú bíi mélòó kan ní ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ bi ẹ̀gbọ́n yín, wọ́n á sọ fún yín.

Nǹkan tó tún wà níbẹ̀ ni pé paclitaxel nìkan kọ́ ló wà lára igi ìdílé yew. Oró kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ taxine, ó pọ̀ gan-an lára èyí tó wà ní Yúróòpù, ọkàn ló máa ń dá dúró, ẹran ọ̀sìn ti jẹ ewé ẹ̀ kú, èèyàn náà ti jẹ ẹ́ kú. Ẹni tó bá sè é mu láti wá ìwòsàn jẹjẹrẹ, ó ṣeé ṣe kó má rí paclitaxel kankan nínú ẹ̀, kó wá jẹ́ taxine ló máa gbé mì.

Wàhálà kejì ni igi yẹn fúnra ẹ̀, torí tí o bá bó èèpo ẹ̀ yípo, igi máa kú. Nígbà tí oògùn náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ lára obìnrin tó ní jẹjẹrẹ ilé ẹyin, ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í ba àwọn èèyàn pé igi máa tán nígbó. Ibẹ̀ ni Pierre Potier àti àwọn èèyàn ẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé ti mú ọgbọ́n wá, wọ́n rí i pé ewé yew ti Yúróòpù, ewé lásán tí èèyàn lè rẹ́ tó sì máa tún hù, ní èròjà kan tó dà bí ìdajì paclitaxel, pé tí èèyàn bá yọ ọ́, á lè fi ọwọ́ so ìrù tó kù mọ́ ọn nínú làbù. Robert Holton ní Amẹ́ríkà náà wá ọ̀nà tó yá jù bẹ́ẹ̀ lọ láti so ó. Ìparí 1992 ni FDA, àjọ tó ń fọwọ́ sí oògùn nílẹ̀ Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí i, ọgbọ̀n ọdún gbáko lẹ́yìn tí Barclay bó èèpo. Lónìí, wọ́n tún máa ń tọ́ sẹ́ẹ̀lì igi yẹn nínú táǹkì ńlá, bí ẹni ń pọn ọtí, kó máa pèsè ẹ̀ níbẹ̀. Ẹ wá sọ fún mi, èyí tó wà nínú dírìpù ẹ̀gbọ́n yín, ṣé ti ewé ni àbí ti làbù? Èmi gan-an tí mo ń ṣe iṣẹ́ yìí ò lè sọ nípa wíwo ìgò, torí ọ̀kan náà ni wọ́n, kò sí ẹ̀rọ tó máa rí ìyàtọ̀ nínú bí wọ́n ṣe rí. Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ò sì ní béèrè.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á sọ pé ṣebí tí Ọlọ́run ti ṣe é náà ló dáa jù. Ẹ gbọ́ ti igi kan ní Ṣáínà, igi ayọ̀ ni orúkọ tí wọ́n ń pè é níbẹ̀. Wall àti Wani yìí náà ló yọ èròjà kan lára ẹ̀ ní 1966, camptothecin, ó ń pa jẹjẹrẹ lára eku bí ẹni ń fi omi pa iná. Kò yòrò nínú omi, torí náà wọ́n sọ ọ́ di iyọ̀ kan tó ń yòrò, wọ́n sì fún àwọn aláìsàn ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Ọ̀ràn dé. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í tọ ẹ̀jẹ̀, jẹjẹrẹ ò sì fi bẹ́ẹ̀ lọ, ni wọ́n bá pa á tì. Ìgbà tó yá ni wọ́n tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀: òrùka kan wà lára èròjà yẹn tó gbọ́dọ̀ wà ní pípadé kó tó lè ṣiṣẹ́, sísọ tí wọ́n sọ ọ́ di iyọ̀ ti ṣí òrùka náà, nítorí náà bó ṣe ń rìn kiri inú ẹ̀jẹ̀ kò lágbára, àfi ìgbà tó dénú àpò ìtọ̀, tí omi ibẹ̀ kan, ni òrùka bá tún padé, ló bá gbéra sọ, àpò ìtọ̀ ló wá ń jó. Mo máa ń sọ ìtàn yìí fún gbogbo ọmọ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé làbù wa. Ní 1985 ni wọ́n tó rí ohun tó ń dì mú nínú sẹ́ẹ̀lì, àwọn onímọ̀ kẹ́míkà wá tún un gé, wọ́n so nǹkan míì mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ tó fi ń yòrò láìjẹ́ pé òrùka yẹn ṣí, ọ̀kan nínú èyí tó jáde ni irinotecan, tí iléeṣẹ́ Yakult ní Japan ṣe, bẹ́ẹ̀ ni, iléeṣẹ́ tó ń ta wàrà ni. Ọdún 1996 ni FDA gbà á wọlé fún jẹjẹrẹ ìfun ńlá, ọdún yẹn náà ni wọ́n gba topotecan tó jẹ́ àbúrò ẹ̀ wọlé fún jẹjẹrẹ ilé ẹyin. Bó ṣe wà lára igi, kò wúlò fún ẹnikẹ́ni, èèyàn ló tún un ṣe.

Òdòdó periwinkle ti Madagásíkà ńkọ́? Àtọ̀gbẹ làwọn èèyàn ń torí ẹ̀ sè é mu. Robert Noble àti Charles Beer ní Kánádà ló fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Wọ́n fún eku mu, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ò mira. Wọ́n wá gún un lábẹ́rẹ́ fún wọn, ni eku bá ń kú, kì í ṣe ṣúgà ló ń pa wọ́n o, àkóràn ni, torí sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ẹlòmíì á da ewé yẹn nù. Àwọn rò ó pé tó bá lè pa sẹ́ẹ̀lì funfun báyìí, jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ tí sẹ́ẹ̀lì funfun ń pọ̀ sí i láìdábọ̀ ńkọ́? Ibẹ̀ ni vinblastine ti jáde ní 1958, vincristine sì tẹ̀ lé e, ó wà lára ohun tí wọ́n fi ń wo jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọdé sàn títí dòní. Ẹ rí i pé mímu ò ṣe nǹkan kan, abẹ́rẹ́ ló fi hàn.

Èyí tí ò ní ewé kankan nínú náà wà. Imatinib, inú làbù ni wọ́n ti gbẹ́ ẹ láti òkè délẹ̀, bí alágbẹ̀dẹ ṣe ń rọ kọ́kọ́rọ́ sí ihò àgádágodo, torí wọ́n ti mọ purotéènì burúkú kan pàtó tó ń fa irú jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ kan, ó jáde ní 2001, wọ́n ń gbé e mì bí oògùn orí fífọ́, èèyàn tó yẹ kó ti kú láàárín ọdún díẹ̀ ń dàgbà darúgbó. Cisplatin, irin ni, platinum, níbi tí Barnett Rosenberg ti ń fi iná mànàmáná dán bakitéríà wò ní 1965 ló ti ṣèèṣì rí i. Tí ẹ bá sì fẹ́ àdáyébá, ásẹ́níìkì tó jẹ́ májèlé ńkọ́? Inú ilẹ̀ ló ti wá, kò sí ohun tó jẹ́ ti àdáyébá tó o, àwọn dókítà ní Harbin ní Ṣáínà lò ó fún irú jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ kan tó máa ń pa èèyàn láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, Wang Zhenyi ní Shanghai lo ìbátan fítámì A kan fún àrùn kan náà, tí kì í pa sẹ́ẹ̀lì rárá àfi kó máa ràn án lọ́wọ́ láti dàgbà di sẹ́ẹ̀lì gidi. Tí wọ́n bá pa méjèèjì pọ̀ lónìí, èyí tó lé ní 90 nínú 100 ló ń yè é. Ẹni bá fẹ́ pín oògùn sí "ewé" àti "kẹ́míkà", mi ò mọ ibi tó máa kó ìwọ̀nyí sí.

Wọ́n á tún fi ìwádìí hàn yín pé "ewé báyìí báyìí pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ní làbù." Òótọ́ lè ni, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ṣe máa ń rí. Àwo pẹlẹbẹ kan la máa ń lò, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ihò wẹ́wẹ́ 96 ló wà lójú ẹ̀, a ó to sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ sí i, a ó kán omi ewé sí i, lọ́jọ́ kẹta a ó wá kán aró kan tó pupa rúsúrúsú bí òróró sí i. Sẹ́ẹ̀lì tó bá ṣì wà láàyè á sọ aró yẹn di àwọ̀ elésè àlùkò, tó bá ti kú, bó ṣe wà ló máa wà. Ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo gbé àwo kan jáde, kò sí ihò kan tó yí àwọ̀ padà, gbogbo ẹ̀ kú pátá! Mo pariwo. Mo ti ń ronú orúkọ tí màá sọ èròjà náà. Ọ̀gá mi wò ó, wọ́n ní, "Ṣé o ti dán an wò lórí sẹ́ẹ̀lì tára ẹ̀ dá?" Mi ò tíì ṣe é. Mo ṣe é, ìyẹn náà kú pátá. Oṣù mẹ́ta ni mo fi wá ìdí, tannin ni, nǹkan tí wọ́n fi ń sọ awọ ẹran di awọ bàtà, ńṣe ló ń gbá gbogbo purotéènì tó bá rí mú láìbéèrè ta ni. Ọṣẹ ìfọṣọ náà máa ń pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ nínú àwo, bẹ́ẹ̀ la ò gbé ọṣẹ mu. Pípa sẹ́ẹ̀lì ò le rárá, kó pa èyí tó yẹ kó pa kó sì fi ẹni tó ni ara sílẹ̀ ló le. Kódà èyí tó bá yege lára eku, tó wá dé ìpele kìíní lára èèyàn, nǹkan bíi 5 nínú 100 ló ń di oògùn tí wọ́n fọwọ́ sí fún jẹjẹrẹ.

Lórí pé kí wọ́n fi kímò sílẹ̀ máa lo ewé nìkan, wọ́n ti wò ó rí. Àwọn olùwádìí Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà wo àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn 281 tí jẹjẹrẹ wọn ò tíì tàn káàkiri, tí wọ́n kọ ìtọ́jú ọsibítù tí wọ́n sì gba ìtọ́jú míì dípò ẹ̀, wọ́n fi wọ́n wé àwọn tó gba ìtọ́jú. Ti jẹjẹrẹ ọyàn ló burú jù, ewu ikú fi ìlọ́po tó lé ní márùn-ún pọ̀ sí i. Ẹ ka gbólóhùn yẹn fún ẹni tó ń yọ ẹ̀gbọ́n yín lẹ́nu.

Ó ku ìbéèrè yín fún ara yín, èyí gan-an ló le jù láti dáhùn, torí oògùn tí a fẹ́ fún ẹni tára ẹ̀ le kó má bàa ṣàìsàn, kò gbọ́dọ̀ ṣe é léṣe bó ti wù kó mọ. Ata ilẹ̀ pupa ná, èyí tí wọ́n ń pè ní turmeric. Curcumin tó wà nínú ẹ̀ ló ń fún un láwọ̀ yẹn, ìwé tí wọ́n ti kọ lé e lórí ò lóǹkà. Tí ẹ bá ń fi sínú ọbẹ̀, kò burú, ẹ máa jẹ ọbẹ̀ yín. Àmọ́ tí a bá ní oògùn, ìfun kì í fẹ́ gbà á, ìwọ̀nba tó bá wọlé, ẹ̀dọ̀ á tètè pa á dà, inú ẹ̀jẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ sí nǹkan kan tó ṣẹ́ kù. Ó tún jẹ́ ẹlẹ́tàn nínú làbù, ó máa ń ba àyẹ̀wò wa jẹ́ tó fi máa dà bíi pé ó ń ṣiṣẹ́ lórí gbogbo nǹkan. Ní 2017 àwọn onímọ̀ kẹ́míkà kan jókòó ti gbogbo ìwé ẹ̀, ìdánwò lára èèyàn tó lé ní 120 ni wọ́n ti ṣe, wọn ò rí ọ̀kan tó kẹ́sẹ járí nínú èyí tí wọ́n fi oògùn ẹ̀tàn wé e tí dókítà àti aláìsàn ò sì mọ ẹni tó ń lo èwo.

Ti fítámì ló máa ń dùn mí jù. Wọ́n rí i pé àwọn tó ń jẹ ẹ̀fọ́ àti èso dáadáa kì í fi bẹ́ẹ̀ ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró, ni wọ́n bá ní beta-carotene ni o, èròjà inú ẹ̀fọ́ àti èso tí ara ń sọ di fítámì A, ẹ jẹ́ ká ṣe é sínú kóró oògùn. Ní Finland wọ́n kó ọkùnrin amusìgá 29,133 jọ, wọ́n fún àwọn kan, wọn ò fún àwọn kan, èsì jáde ní 1994: jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró fi 18 nínú 100 lé sókè lọ́dọ̀ àwọn tó lò ó. Ó lé sókè o, kò lọ sílẹ̀! Amẹ́ríkà náà ń ṣe tiwọn lórí èèyàn tó lé ní 18,000, ó lé sókè ju ti Finland lọ, wọ́n dá a dúró ní 1996 láìpé àsìkò. Wọ́n tún wá dán fítámì E wò lára ọkùnrin tó lé ní 35,000 nítorí jẹjẹrẹ próstéètì, ní 2011 wọ́n rí i pé òun náà fi 17 nínú 100 lé sókè. Gbogbo èyí, nǹkan tí wọ́n ń tà ní gbangba ni, tí kò sẹ́ni tó rò pé ó lè ṣe èèyàn ní nǹkan kan. Torí náà tí ẹ bá ń jẹ èso, ẹ máa jẹ ẹ́, àmọ́ ẹ má torí jẹjẹrẹ gbé fítámì oníkóró ńláńlá mì.

Èyí tó ṣiṣẹ́ wà, kò kàn ní òkìkí bí ata ilẹ̀ pupa ni. Tamoxifen, inú làbù ni wọ́n ti ṣe é ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbi tí wọ́n ti ń wá oògùn ìfètò sọ́mọ bíbí, kò wúlò fún ìyẹn rárá. Ní 1998 èsì jáde lórí obìnrin 13,388 tí ewu jẹjẹrẹ ọyàn wọn ga: àwọn tó lò ó, jẹjẹrẹ tó ń gbilẹ̀ fi bí ìdajì dín kù lọ́dọ̀ wọn. Àmọ́ òun náà lè fa ẹ̀jẹ̀ dídì nínú iṣan, ó lè fa jẹjẹrẹ ilé ọmọ, pàápàá fún ẹni tó ti dẹ́kun nǹkan oṣù, ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í fún gbogbo ayé, ẹni tí ewu tiẹ̀ ga tó láti rù ú nìkan ló yẹ. Ṣé ẹ wà lára wọn? Èmi ò lè sọ, ẹ̀gbọ́n àti ìyá àgbà tó ní in tó láti béèrè. Ẹ bá dókítà ẹ̀gbọ́n yín sọ̀rọ̀ àyẹ̀wò jíìnì BRCA1 àti BRCA2, àwọn jíìnì tó jẹ́ pé tí àléébù bá wà lára wọn, jẹjẹrẹ ọyàn lè máa ran ẹbí, ẹ̀gbọ́n yín ló sì dáa kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò kì í ṣe ẹ̀yin, torí àwọn ni àrùn wà lára wọn, tí wọ́n bá rí àléébù kan pàtó lára wọn, a ti mọ ohun tí a máa wá lára yín nìyẹn. Ó sì lè ran àwọn náà lọ́wọ́, oògùn wà tó jẹ́ pé àwọn tó ní àléébù yẹn gan-an ló ń bá jà fún, olaparib lorúkọ ọ̀kan.

Ẹ̀gbọ́n yín ló tún kù. Mo mọ̀ pé nílé, wọ́n ṣì máa fi ewé kan lọ̀ wọ́n pé "kò lè ṣe wọ́n ní nǹkan kan, kí wọ́n kàn máa lò ó pọ̀ mọ́ ọn." Ẹ̀dọ̀ tó ń gé paclitaxel wẹ́wẹ́ náà ló ń gé èròjà ewé. Ewé míì á mú ẹ̀dọ̀ yára sí i, oògùn á tètè tán lára, ewé míì á fà á sẹ́yìn, oògùn á pọ̀ jù. Ewéko kan wà tó ń jẹ́ St John's wort tí àwọn èèyàn ń lò fún ìbànújẹ́ ọkàn, nígbà tí wọ́n fún àwọn tó ń gba irinotecan, ohun tó yẹ kó máa ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀ wọn fi 42 nínú 100 dín kù, kò sì hàn lójú wọn. Torí náà ohunkóhun tí wọ́n bá ti ń mu, kí wọ́n gbé ìgò ẹ̀ tàbí ewé ẹ̀ dání lọ sí ọsibítù, kí wọ́n fi han apoògùn ibẹ̀, kí wọ́n má tijú.

Mo sọ pé màá padà sí ọ̀rọ̀ ọ̀pá. Sẹ́ẹ̀lì iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára dé ìka ọwọ́ àti ìka ẹsẹ̀ gùn gan-an, orí irú ọ̀pá yẹn kan náà ni ẹrù ń gbà kọjá nínú ẹ̀, paclitaxel kò sì mọ̀ pé kì í ṣe jẹjẹrẹ. Tí ẹ̀gbọ́n yín bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ìka ń ṣe wọ́n yinrinyinrin, pé ó kú tipiri, tàbí pé dídi bọ́tìnì aṣọ ti ń ṣòro, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi pa mọ́ nítorí pé wọn ò fẹ́ kí wọ́n dá ìtọ́jú dúró. Kí wọ́n sọ ọ́ kí dírìpù tó kàn tó dé, dókítà lè dín ìwọ̀n ẹ̀ kù tàbí kó sún un síwájú díẹ̀, torí tó bá pẹ́ jù, ìka míì kì í padà bọ̀ sípò.